Ta ló sọ òótọ́ nípa átọ́ọ̀mù?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù yìí, ẹyọ bíńtín tí wọ́n ní gbogbo nǹkan ti wá, ti sú mi. Ìwé sáyẹ́ǹsì wa ní Dalton sọ tiẹ̀, Thomson sọ tiẹ̀, Rutherford dé, Bohr tún dé, àwòrán kálukú dẹ̀ yàtọ̀. Ta ló wá sọ òótọ́? Táwọn tó ṣáájú bá ṣì í, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń fi kọ́ wa?

ÌDÁHÙN: Ibi tí ẹ̀rí bá kálukú dé ló ya àwòrán tiẹ̀ mọ. Dalton, láàárín 1803 sí 1808, ìwọ̀n ló ń yẹ̀ wò, bí nǹkan kan ṣe ń bá òmíràn pò, kò dẹ̀ sóhun tó fi hàn án pé nǹkan wà nínú átọ́ọ̀mù, ló bá ní bọ́ọ̀lù tí ò ṣeé pín ni. Thomson rí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, ẹyọ bíńtín tó ní iná nẹ́gẹ́tíìfù, ní 1897, ó ní inú nǹkan kan tó ní iná pọ́sítíìfù ló há sí.

Ibi tó dùn wà ní Manchester, 1909, àwọn tó dẹ̀ ṣiṣẹ́ ibẹ̀ gan-an, èèyàn kì í sábà dárúkọ wọn: Geiger, ọmọ Jámánì, àti Marsden tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún. Inú òkùnkùn ni wọ́n ń jókòó sí, tójú wọn bá ti mọ́ra tán wọ́n á gbé ojú lé máíkírósíkóòpù, wọ́n á máa ka ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú gíláàsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí gbogbo ibi tí alpha (ẹyọ bíńtín tó ní iná pọ́sítíìfù, tí wọ́n ń yìn lu mẹ́táàlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) bá ti bà ló ń tàn. Tó bá jẹ́ ti Thomson ni, ṣe ló yẹ kí gbogbo alpha gba inú wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá. Èyí tó pọ̀ jù kọjá lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan ṣẹ́rí padà! Nígbà tí wọ́n lo pílátínọ́ọ̀mù, mẹ́táàlì mìíràn, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 8,000 ló ṣẹ́rí padà. Rutherford tó jẹ́ ọ̀gá wọn rò ó títí di 1911 kó tó sọ pé nukílíọ́ọ̀sì kan, ìyẹn kókó bíńtín tó wúwo, wà láàárín, tó fi ìlọ́po tó ju 10,000 lọ kéré sí átọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀.

Wàhálà tún dé, torí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tó bá ń yí nukílíọ́ọ̀sì po yẹ kó máa pàdánù agbára, ó yẹ kó ti já sínú nukílíọ́ọ̀sì kéèyàn tó ṣẹ́jú. Bohr ní 1913 sọ pé ojú ọ̀nà kan pàtó ló ń dúró sí, ìgbà tó bá fò bọ́ sórí òmíràn ló ń tan ìmọ́lẹ̀. Ó bá háídírójìn mu rẹ́gí, bó ṣe kan hílíọ́ọ̀mù báyìí, ó daṣẹ́ sílẹ̀.

Ti Schrödinger, 1926, la ṣì ń lò: kò sí ojú ọ̀nà kankan, ibi tó ṣeé ṣe kí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù wà nìkan la lè ṣírò. Tí ẹ bá dẹ̀ rí àwòrán "Rutherford 1911" tí níútírọ́ọ̀nù (ẹyọ tí ò ní iná, tó ń gbé inú nukílíọ́ọ̀sì) wà nínú ẹ̀, àdàlù ni o, 1932 ni Chadwick tó rí ìyẹn.

Ìdí tí wọ́n ṣì fi ń kọ́ yín ni ti Dalton ni pé tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìṣirò kẹ́mísìrì, bọ́ọ̀lù ẹ̀ yẹn ṣì tó o lò.