Èsì: Gmail tí a gbàgbé password rẹ̀, tí síìmù náà tún bá olè lọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti gbàgbé password Gmail yín, síìmù tí kóòdù ń wọlé sí sì bá fóònù tí wọ́n jí lọ. Síìmù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà padà. Ẹ mú NIN yín lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni láìnì náà, wọ́n á fi nọ́ńbà kan náà sórí síìmù tuntun. Ẹ má fi falẹ̀: láìnì tí ẹ ò bá lò pẹ́, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíì.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí g.co/recover, ojú ìwé Google tí wọ́n ti ń gba àkáǹtì padà. Ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti máa ń lo Gmail náà ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ lo kọ̀ǹpútà tí ẹ ti fi wọlé rí. Google máa ń wo ìyẹn. Bó bá béèrè password tí ẹ rántí kẹ́yìn, ẹ má fò ó, kódà kó jẹ́ ti àtijọ́.

Àwọn tó ní kí ẹ sanwó kí àwọn bá yín ṣí i, olè ni wọ́n. Ẹ má ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ Google.

Tó bá ti ṣí, ẹ tètè yọ fóònù tí wọ́n jí náà kúrò lábẹ́ Your devices nínú àkáǹtì Google yín. Kí ẹ wá tan 2-Step Verification, ìyẹn ìgbésẹ̀ kejì tí Google máa ń béèrè lẹ́yìn password, kí ẹ gba Backup codes, kóòdù 10 tí ẹ lè fi wọlé bí fóònù ò bá sí lọ́wọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Inú ìwé ni kí ẹ kọ wọ́n sí, kì í ṣe inú fóònù.