Ìdí tí àgbagbà kò fi ní kóró, àti bí a ṣe ń mú un so ó

Ìbéèrè yín ni pé, bó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgbẹ́ méjì tó kún fún kóró ló bí àgbagbà, kí ló dé tí òun kò ní ẹyọ kan? Ìṣirò ni. Musa acuminata àti Musa balbisiana, àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgbẹ́ Éṣíà, ní kírómósóòmù (fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá) 22 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdì 11 méjì. Àgbagbà ní 33: ìdì 11 méjì láti ara acuminata, ìdì kan láti ara balbisiana. Kí ewéko tó ṣe ẹyin tàbí lẹ́bú, ó ní láti pín ìdì rẹ̀ sí méjì. Ìdì mẹ́ta kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ẹyin inú òdòdó rẹ̀ fi ń bàjẹ́ kó tó di kóró. Èhù tó ń hù nídìí rẹ̀, àti àgbẹ̀ tó ń gbé èhù náà gbìn, ni kò jẹ́ kí ìran rẹ̀ parun.

Ẹ lè fojú rí àmì òbí méjèèjì lára àgbagbà. Ẹ gé ọ̀pá ewé kẹta láti òkè ní ìbú, kí ẹ wo ihò rẹ̀: ti acuminata ya ẹnu sílẹ̀, ti balbisiana pa ẹnu dé. Àgbagbà wà láàárín.

Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyin àgbagbà kan máa ń fo pípín, a sì kó gbogbo 33 dání. Bí lẹ́bú òdòdó akọ acuminata tó ní 11 bá bọ́ sí i, ọmọ á ní 44. Ìdì mẹ́rin ṣeé pín, ọmọ náà sì lè bí òmíràn. Lójú tèmi, ẹyin tó fo pípín yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Àdàlù tí ìlọ́po kírómósóòmù tẹ̀ lé ni ọ̀pọ̀ ewéko olódòdó gbà di ẹ̀yà tuntun. Àlìkámà búrẹ́dì, tó ní 42, ti ara koríko mẹ́ta jáde báyìí. Ọ̀nà yìí náà ni IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, gbà ní Onne ní Ìpínlẹ̀ Rivers láti bá black Sigatoka, àrùn tó ń ba ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́, jà, wọ́n fi Calcutta 4, acuminata ìgbẹ́ kan, ṣe akọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má fi àgbagbà tó ń so ọmọ díẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n ṣe ìyá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yàgàn pátápátá. Ẹ lo ẹ̀yà tí ọmọ rẹ̀ pọ̀, bí Obino l'Ewai. Ẹ fi àpò bo òdòdó rẹ̀ kó tó ṣí, nítorí kòkòrò àti àdán. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ẹ já òdòdó akọ acuminata ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ fi ra orí òdòdó obìnrin tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí ẹ so àpò náà padà. Ìṣọ̀wọ́ ìṣọ̀wọ́ ló ń ṣí, nítorí náà ojoojúmọ́ lẹ máa padà síbẹ̀ títí obìnrin yóò fi tán.

Bí èso bá pọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí ẹ ṣa kóró dúdú líle inú rẹ̀. Díẹ̀ ló ń hù bí a bá sin ín sí ilẹ̀, torí oúnjẹ inú rẹ̀ kì í sábà pé. Ẹ la èèpo rẹ̀, ẹ yọ ọlẹ̀ inú rẹ̀ sínú ìgò oúnjẹ tí kò ní kòkòrò àrùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí: èérí díẹ̀ lára ọ̀bẹ ti tó.

Ẹ ṣọ́ ewé àwọn ọmọ náà. Fáírọ́ọ̀sì kan sùn sínú kírómósóòmù balbisiana, àdàlù tàbí títọ́ nínú ìgò sì lè jí i. Bí ẹ bá rí ìlà pupa rúsúrúsú gígùn lójú ewé, ẹ hú u, ẹ má pín èhù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.