Kí ni ìtumọ̀ ìṣù amọ̀ tí wọ́n ń hú ní Uruk àti Susa?

Ìbéèrè: Ìtàn kan láti Sumer, ilẹ̀ àtijọ́ tó wà ní gúúsù Ìráàkì, sọ pé Enmerkar, ọba Uruk, rán ìkọ̀ sí ìlú Aratta. Iṣẹ́ náà pọ̀ débi pé ẹnu ìkọ̀ wúwo, ni ọba bá tẹ amọ̀ pẹlẹbẹ, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ṣé bí ìwé kíkọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Kí sì ni ìtumọ̀ àṣà dídi ẹyọ amọ̀ wẹ́wẹ́ sínú ìṣù amọ̀?

Ìdáhùn: Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n hú nínú ilẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn. Àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa fi ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kéré sí àwọn wàláà àkọ́kọ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn ará Jámánì rí nǹkan bí 5,000 wàláà àti àfọ́kù wàláà ní Uruk, tó ń jẹ́ Warka báyìí ní gúúsù Ìráàkì. Wọn ò rí lẹ́tà ọba níbẹ̀. Ìṣirò ọkà, ọtí, àgùntàn, aṣọ àti òṣìṣẹ́ ló kún inú wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù jẹ́ àtòjọ ọ̀rọ̀ tí àwọn akọ̀wé fi ń kọ́ṣẹ́.

Ìṣù amọ̀ ti wà ṣáájú wàláà. Láti nǹkan bí ọdún 8000 ṣáájú ìbí Krístì ni àwọn èèyàn agbègbè náà ti ń fi amọ̀ mọ ẹyọ wẹ́wẹ́: àwọn kan rí ṣóńṣó, àwọn kan roboto, àwọn mìíràn pẹlẹbẹ. Ní nǹkan bí ọdún 3500, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì wọ́n sínú ìṣù ní Uruk àti ní Susa, ìlú àtijọ́ kan ní Ìráànì. Wọ́n á mú amọ̀ tútù ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á dá ihò sí i láàárín, wọ́n á kó iye ẹyọ tó bá ẹrù mu sínú rẹ̀, wọ́n á pa ẹnu rẹ̀ dé. Kó tó gbẹ, wọ́n á yí èdìdì lé e lára yíká. Èdìdì yìí jẹ́ òkúta gbọọrọ roboto tí wọ́n fín àwòrán sí. Yíyí i yíká ṣe pàtàkì, torí ibi tí èdìdì kò bá dé, olè lè dá a lu, kó yọ ẹyọ kan, kó sì fi amọ̀ tuntun dí i.

Nítorí náà, ìṣù amọ̀ kì í ṣe àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà nínú àrokò wa ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ìṣù amọ̀ kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Iye ló ń sọ, ó sì ń ti iye náà pa kí ẹni tó gba ẹrù má bàa lè jiyàn.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọ́ ọ, bó bá sì ti fọ́, ẹ̀rí lọ nìyẹn. Ìyẹn ló mú kí àwọn kan tẹ àmì iye sí ẹ̀yìn rẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Denise Schmandt-Besserat ní láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí wàláà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí àmì iye, àmọ́ mi ò gbà pé gbogbo àmì ìwé ló ti ara ẹyọ wá. Ìwọ̀nba ìṣù ló ní àmì lẹ́yìn, wọ́n sì ṣì ń lo ẹyọ amọ̀ ní Ziyaret Tepe, ní Tọ́kì, láyé àwọn ará Ásíríà, nígbà tí ìwé ti gbilẹ̀ tipẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà jù ni kíka iye tó wà lára wàláà. Igi esùsú olórí roboto ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi àmì gígùn sílẹ̀, ìyẹn 1. Bí wọ́n bá gbé e dúró ṣánṣán, á fi ihò roboto sílẹ̀. Tó bá jẹ́ àgùntàn, ihò kékeré jẹ́ 10, àmì gígùn ńlá jẹ́ 60, ihò ńlá sì jẹ́ 3,600. Tó bá jẹ́ ọkà báálì, ihò kékeré yẹn kan náà jẹ́ àmì gígùn 6 péré! Ẹni tó bá ka wàláà ọkà bí ẹni ka àgùntàn, iye rẹ̀ kò ní bá àròpọ̀ tí akọ̀wé kọ sẹ́yìn wàláà mu. Ìbáramu àròpọ̀ yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ Peter Damerow àti Robert Englund fi tú àwọn ètò ìṣirò náà. Wàláà kan ka òṣùwọ̀n ọkà báálì 29,086 fún oṣù 37, àmì Kushim sì wà lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ èèyàn, ó sì lè jẹ́ orúkọ ipò iṣẹ́.

Ẹ má gba ọdún pàtó gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí àwọn wàláà Uruk. Inú pàǹtí tí wọ́n fi kún ìpìlẹ̀ ilé ní Eanna, àgbègbè tẹ́ńpìlì ní Uruk, ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ibi tí akọ̀wé fi wọ́n sí. Ọjọ́ orí ilé tó wà lókè pàǹtí náà ni wọ́n fi ń díwọ̀n tiwọn, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi máa ń sọ pé "nǹkan bí 3300 ṣáájú ìbí Krístì".