Ìbéèrè Yín: Ṣé Ellen Wilkinson ṣe òfin kankan?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìwọ́de Jarrow ti 1936, tí àwọn aláìríṣẹ́ ìlú Jarrow fẹsẹ̀ rìn lọ sí London, nìkan ni mo mọ̀ mọ́ Ellen Wilkinson, obìnrin aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un. Ṣé ó ṣe òfin kankan?

ÌDÁHÙN: Ó ṣe é, òfin gidi sì ni. Láyé ọjọ́un, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ra àga àti bẹ́ẹ̀dì láwìn, wọn á máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí owó kan ṣoṣo bá pẹ́, ọlọ́jà á wá kó ẹrù lọ, gbogbo èyí tí wọ́n ti san á sì wọgbó. Ìwà ìkà ni! Òfin 1938 tí Wilkinson gbé wá fòpin sí i: ẹni tó bá ti san ìdá kan nínú mẹ́ta, wọn ò gbọdọ̀ fipá kó ẹrù rẹ̀ láìgbàṣẹ ilé ẹjọ́. Inú ẹgbẹ́ alátakò ni Wilkinson wà nígbà náà o.