Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Flamenco, Ẹ Pàtẹ́wọ́ Kí Ẹ Tó Gbé Gìtá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, jùjú àti highlife kò sì ṣòro fún mi. Flamenco, orin àti ijó àwọn ará Sípéènì, wá wọ̀ mí lára, àmọ́ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ta á, kíkà rẹ̀ á sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ibo ni ìlù yìí ti wá, kí sì ni kí n kọ́kọ́ kọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gbé gìtá yẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, àmọ́ orin àti ijó ló ṣíwájú nínú flamenco, àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń kilẹ̀ ló sì ń gbé wọn. Ṣe ni gìtá wá tẹ̀lé akọrin. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn gìtá, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé.

Soleá, ọ̀kan lára oríṣi orin flamenco, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kì í yára. Kíkà 12 ló wà nínú ìyípo rẹ̀ kan, òun ni wọ́n ń pè ní compás. Ẹ fi ẹnu ara yín kà á, kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ líle síbi tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ:

ení, èjì, Ẹ̀TA, ẹ̀rin, àrún, Ẹ̀FÀ, èje, Ẹ̀JỌ, ẹ̀sán, Ẹ̀WÁ, ení, ÈJÌ.

Ẹ rí i pé mi ò pe oókànlá àti eéjìlá. Wọ́n gùn lẹ́nu, wọ́n á fà yín sẹ́yìn. Àwọn ará Sípéènì náà kì í sábà pè wọ́n. "Un, dos", ìyẹn ení, èjì, ni wọ́n ń wí níbẹ̀. Tí ẹ bá kà á lákàtúnkà, ẹ ó gbọ́ ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mejì, kí èjì tó tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí etí yín, torí àwọn ìlù wa kan wà tí agogo wọn ń pín àkókò sí 12, tí ẹ̀ta àti èjì sì ń bá ara wọn fà á níbẹ̀. Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni soleá ti wá o.

Ohun tó ń ṣì yín lọ́nà ni pé orí ení lẹ ti mọ́ra láti máa balẹ̀ sí. Orí ẹ̀wá ni soleá ń balẹ̀ sí. Ẹ tẹ kọ́ọ̀dù F lórí ẹ̀ta, kí ẹ padà sí E lórí ẹ̀wá, kí ẹ fi méjì tó kù mí.

Ní ti orísun rẹ̀, gúúsù Sípéènì ni, ní Andalusía: Cádiz, Jerez, àti Triana ní Sevilla. Láti 1425 ni ìwé ti ń dárúkọ àwọn Gitano, ìyẹn àwọn Roma tó ń gbé ibẹ̀, ní Sípéènì. Wọ́n bá orin àwọn ará abúlé níbẹ̀, wọ́n bá ti àwọn Mùsùlùmí tó jọba ní Granada títí di 1492, wọ́n sì da tiwọn pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ ní Sevilla nígbà náà. Ẹgbẹ́ ìjọ Kátólíìkì wọn tí wọ́n ń pè ní Los Negritos ṣì wà títí dòní. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Cádiz àti Havana gbé orin Kúbà wálé. Inú rẹ̀ ni guajira àti rumba inú flamenco ti wá, ó sì wà nínú tangos, oríṣi flamenco mìíràn, náà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí àwọn Lùkùmí ìran wa wà lára wọn, ló fún orin ibẹ̀ ní ìlù rẹ̀. Cajón, àpótí onígi tí wọ́n ń jókòó lé lù, kò tíì pẹ́ nínú flamenco rárá: Paco de Lucía, ọ̀gá onígìtá flamenco, ló mú un láti Peru ní àwọn ọdún 1970.

Kíkà 4 ni tangos, ó máa rọ ẹni tó mọ highlife lọ́rùn. Síbẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ sá fún soleá.

Tó bá wá kan gìtá, okùn ọ̀rá ni kí ẹ lò. Onírin máa jẹ èékánná yín. Ẹ fi ọwọ́ òsì bo okùn kó má dún, kí ẹ wá máa ju ìka ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọdìnrín dé ìka ìlábẹ̀. Ohùn èékánná lára okùn nìkan ni kí ẹ máa gbọ́. Tí ẹ bá ti lè máa bá ará ilé sọ̀rọ̀ tí ẹsẹ̀ yín tó ń ka compás ò sì ṣi ẹ̀wá, ẹ gbé ọwọ́ òsì kúrò.