Orúkọ ọmọ Mùsùlùmí: ṣé ti Lárúbáwá nìkan ló bá ẹ̀sìn mu?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aléékúmù, Àfáà wa. Ìyàwó mi máa tó bímọ, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nílé ìwòsàn sì fi hàn pé obìnrin ni. Ó ti rí orúkọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Malaika. Ó ní ó dùn lẹ́nu, ó sì wà nínú Àlùkùránì. Bàbá mi ní ká má wulẹ̀ wá orúkọ kiri: ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá, Yétúndé ló ń bọ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́sálásí wa tún wá sọ pé orúkọ Yorùbá kankan kò gbọdọ̀ sí lára ọmọ Mùsùlùmí, ó ní kí èmi gan-an lọ pa orúkọ ìdílé wa dà, torí Ifá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ di ìjà nílé. Ẹ bá wa dá sí i.

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmù sàláámù wa ràhmátúláhì wa bàrákátúhù. Kí Ọlọ́hun sọ ẹrù náà kalẹ̀ láyọ̀, ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Kí Ó sì forí jin màmá tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè da ọkàn yín rú jù. Kò sí áyà kankan nínú Àlùkùránì, kò sì sí hádíìsì (ìtàn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) kankan, tó ní dandan ni kí orúkọ Mùsùlùmí jẹ́ ti Lárúbáwá. Ibrahim, Ismaila, Musa, Nuhu, èdè Lárúbáwá kọ́ ló bí wọn. Àwọn Sàhábà, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, tí à ń fi orúkọ wọn sọ ọmọ lónìí, inú àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé, ni wọ́n ti sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lórúkọ. Umar ló ń jẹ́ nígbà tó ń bá ẹ̀sìn jà, Umar náà ló ń jẹ́ títí tó fi di kàlífà. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò tún Hamza sọ lórúkọ, kò tún Khalid sọ. Hanzala tí àwọn màláíkà wẹ òkú rẹ̀ lẹ́yìn ogun Uhud, èso aṣálẹ̀ kan tó korò burúkú ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ Ànábì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí orúkọ ń sọ ni Ànábì ń wò. Bí orúkọ bá sọ ènìyàn di ẹrú ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́hun, kò ní fi í sílẹ̀: Abdurrahman ọmọ Awf tí gbogbo wa mọ̀, Abdu Amr, ẹrú Amr, ló ń jẹ́ kó tó gba ẹ̀sìn. Bí orúkọ bá ń bú ẹni tó ń jẹ́ ẹ, á pa á dà. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló ń yin onítọ̀hún jù, ìyẹn náà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Barra, oníwà mímọ́, ni wọ́n sọ Zaynab ọmọ Abu Salama. Ànábì ní, "Ẹ má ṣe fọ ara yín mọ́, Ọlọ́hun ló mọ àwọn ẹni rere inú yín," ó sì ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Zaynab. Ìyàwó rẹ̀ Juwayriya náà ti jẹ́ Barra rí. Èyí tó bí i nínú níbẹ̀ ni pé bó bá kúrò nílé obìnrin náà, àwọn ènìyàn á ní ó ti ọ̀dọ̀ Barra jáde, bí ẹni pé ó jáde kúrò nínú ìwà rere.

Ẹ wá gbé Olúwatósìn sórí òṣùwọ̀n yìí. Olúwa ló tó sìn. Kí ni onítọ̀hún sọ ju ohun tí à ń sọ lójoojúmọ́ nínú ìrun? Ọlọ́runtóbi ńkọ́? Ìyẹn ò jìnnà sí Allahu Akbar. Ọpẹ́yẹmí, Ayọ̀délé, Àdùkẹ́, Àlàní, Táíwò, Kẹ́hìndé, kò sí èyí tó ń bọ ohunkóhun nínú wọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ jù wọ́n nù, ẹ bi í léèrè ẹ̀rí rẹ̀.

Ó wá kan Malaika. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ìyàwó yín ń retí, mi ò sì fẹ́ kó rò pé mo fẹ́ bà á láyọ̀ jẹ́. Pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú Àlùkùránì kò sọ ọ́ di orúkọ ọmọ. Firiaona, ọba aninilára, wà nínú rẹ̀, Karuna, olówó agbéraga, wà nínú rẹ̀. Kanud wà nínú Súrà 100, ó sì dùn lẹ́nu dáadáa, àfi pé aláìmoore ni. Irú orúkọ báyìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á kọ ìtumọ̀ dídùn sí níwájú, láìsí ẹni tó bi onímọ̀ léèrè. Ti Malaika kò burú tó bẹ́ẹ̀: àwọn màláíkà ni, wọ́n pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé obìnrin lẹ fẹ́ fi sọ. Àwọn abọ̀rìṣà Mẹ́kà ló ń pe àwọn màláíkà ní ọmọbìnrin Ọlọ́hun, Ọlọ́hun sì dá wọn lóhùn nínú Súrà 43, áyà 19: wọ́n sọ àwọn màláíkà tí wọ́n jẹ́ ẹrú Àjọkẹ́-ayé (Ọlọ́hun) di obìnrin, ṣé wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí A ń dá wọn ni? Imaamu Màlík, onímọ̀ òfin ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ màláíkà Jibril pàápàá sọ ọmọ. Mi ò ní sọ pé háráámù ni Malaika. Ẹni tó ti ń jẹ́ ẹ, kó má sá kiri. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ò tíì sọ ọmọ yín, ẹ fò ó.

Bí ìyàwó yín bá ń wá orúkọ tó wúyì tó sì dùn, ẹ wo àwọn obìnrin tí Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ rẹ̀ yìn. Maryam nìkan ni obìnrin tí Àlùkùránì dárúkọ. Khadija wà, Fatima wà, bẹ́ẹ̀ ni Asiya ìyàwó Firiaona. Ìkìlọ̀ kan wà lórí Asiya yìí o. Ọmọbìnrin Umar kan wà tó ń jẹ́ Asiya, tí Ànábì pa tiẹ̀ dà sí Jamila. Lẹ́nu àwa Yorùbá, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú ìwé Lárúbáwá, ọ̀tọ̀ ni wọ́n: ti ìyàwó Firiaona, àlífù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, síìnù sì tẹ̀ lé e. Ti ọmọ Umar, áínì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sọ́ọ̀dù ló wà láàárín, aláìgbọràn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ìwé tí wọ́n fi áínì kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ báyìí, tí wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri. Bí ẹ bá mú Asiya, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé kọ ọ́.

Àwọn ènìyàn a máa bi mí bóyá orúkọ ń ro ọmọ lóòótọ́. Ànábì fẹ́ràn orúkọ tó bá ń mú ìrètí wá. Lọ́jọ́ Hudaybiyya, ní ọdún 6 Hijira, nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà rán Suhayl ọmọ Amr wá bá a sọ̀rọ̀, orúkọ yẹn, tó jọ mọ́ ìrọ̀rùn, ló mú un sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn ti rọrùn. Bukhari, ẹni tó kó hádíìsì jọ, sì gbà á wá pé bàbá bàbá Said ọmọ Musayyib ń jẹ́ Hazn, tó túmọ̀ sí líle. Ànábì ní kó máa jẹ́ Sahl, ìyẹn ìrọ̀rùn, ó kọ̀, ó ní òun ò ní pa orúkọ tí bàbá òun sọ òun dà. Said ní láti ìgbà náà ni líle kò ti kúrò nínú ìdílé àwọn. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé orúkọ ni kádàrá. Orúkọ tí Ànábì ní Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni Abdullahi àti Abdurrahman, Abdullahi sì ni olórí àwọn mùnáfíkì (alágàbàgebè) Mẹ́dínà, ọmọ Ubayy, ń jẹ́. Àdúà ni orúkọ tí ẹ sọ ọmọ. Àwọn àfáà tó ń tẹ yanrìn kí wọ́n tó mú orúkọ, tí wọ́n ń ní orúkọ yìí kò bá ìràwọ̀ ọmọ mu, ẹ má fún wọn láyè lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Yétúndé, èyí tó nira jù, torí ọkàn bàbá yín wà níbẹ̀. Orúkọ náà ń sọ pé ìyá ti padà wá. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá kú kì í padà wá sáyé. Súrà 23, áyà 99 àti 100, sọ̀rọ̀ ẹni tí ikú dé bá, tó ń bẹ Olúwa rẹ̀ pé kó dá òun padà. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀: gàgá wà lẹ́yìn wọn títí di ọjọ́ tí a ó gbé wọn dìde. Màmá yín wà níbi tí àdúà yín ti ń bá a. Kò sí nínú oyún ìyàwó yín. Bí Bàbátúndé àti Ìyábọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Àwọn orúkọ àbíkú bíi Málọmọ́ àti Kòkúmọ́ náà, ìgbàgbọ́ pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ ló wà nídìí wọn.

Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló ń jẹ́ Yétúndé láìní àtúnwá lọ́kàn rárá, ìrántí ìyá àgbà lásán ni lójú tiwọn. Mi ò ní kí irú wọn lọ yí ìwé ẹ̀rí padà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ̀yin má tún fi ọwọ́ ara yín sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bá àgbàlagbà tó ń ṣọ̀fọ̀ aya rẹ̀, kí ẹ ní ṣíríkì (wíwá akẹgbẹ́ fún Ọlọ́hun) ló ń sọ. Ohun tó ń wá ni kí orúkọ ìyàwó òun má parẹ́ nínú ilé. Ẹ̀sìn ní ọ̀nà síyẹn, ó sì dáa ju Yétúndé lọ. Nígbà tí wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún Ànábì, ó jáde sí àwọn ènìyàn, ó ní, "Wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún mi lóru yìí, mo sì fi orúkọ bàbá mi Ibrahim sọ ọ́." Ẹ fi orúkọ tí màmá ń jẹ́ gan-an sọ ọmọ náà. Bó bá jẹ́ Àmínátù ni, ẹ sọ ọ́ ní Àmínátù. Bàbá fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kó kọ́kọ́ pe orúkọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ tún lè bi í léèrè oríkì màmá, bóyá Àṣàkẹ́ ni tàbí Àbẹ̀kẹ́, kó máa fi ki ọmọ. Mo lérò pé ohun tó ń wá nìyẹn.

Ti orúkọ ìdílé yín kò gba ariwo. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ tuntun lónìí ní Ògúnbíyìí tàbí Ṣàngódélé, kò yẹ bẹ́ẹ̀, torí ó ń fún òrìṣà ní ọpẹ́ tí Ọlọ́hun ló ni ín. Orúkọ bàbá ńlá ẹni yàtọ̀ síyẹn. Lọ́jọ́ ogun Hunayn, ní ọdún 8 Hijira, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti sá, Ànábì wà lórí ìbaaka rẹ̀, ó ń ké pé, "Èmi ni Ànábì, kì í ṣe irọ́. Èmi ni ọmọ Abdul-Muttalib." Ẹrú Muttalib ni orúkọ yẹn ń jẹ́. Ó tún máa ń pe àwọn ìbátan rẹ̀ ní ọmọ Abdu Manaf, bẹ́ẹ̀ òrìṣà ni Manaf. Ẹni tó dárúkọ bàbá ńlá rẹ̀ ń sọ orírun rẹ̀ ni, kò bọ nǹkan kan. Bí ọkàn yín kò bá sì balẹ̀, ẹ lè pa á dà, ọ̀pọ̀ ló ti fi Olú rọ́pò Ifá. Ẹ sọ fún àwọn àgbà ìdílé, ẹ búra ní kóòtù, ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí NIN àti ìwé báǹkì yín lè bára mu. Èyí tí ẹ̀sìn kọ̀ ni kí ẹ fi orúkọ bàbá ẹlòmíràn bo orírun yín mọ́lẹ̀, torí Súrà 33, áyà 5, ní ká máa fi orúkọ bàbá pe ọmọ.

Ẹ ò bi mí léyìí, àmọ́ bí Ọlọ́hun bá fi ọkùnrin ṣe é, tí ẹ sì sọ ọ́ ní Abdurrazaq (ẹrú Olùpèsè), ẹ má gé Abdu kúrò kí ẹ máa pe ọmọ ní Ràsákì. Ọlọ́hun nìkan ni Razaq, Òun nìkan ni Rahman àti Samad. Karim, Rashid àti Rauf kò le tó bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ pe Ànábì ní Rauf àti Rahim nínú Súrà 9, áyà 128.

Ní ti ọjọ́, ọjọ́ keje ni hádíìsì sọ, bẹ́ẹ̀ ẹ rí i pé Ànábì sọ Ibrahim lórúkọ lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ kẹjọ àwa Yorùbá kò lòdì sí i. Ní ìlànà Imaamu Màlík, bí ọmọ bá wáyé lẹ́yìn tí àlùfàjárì (ìdájí) ti yọ, a kì í ka ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, keje rẹ̀ á bọ́ sí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

Bí ẹ̀yin méjèèjì ò bá gbà fún ara yín, àwọn onímọ̀ ní bàbá ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ má tètè lo àṣẹ yẹn. Ìyá ló ń sọ̀rọ̀ nínú Súrà 3, áyà 36: "Mo sọ ọ́ ní Maryam." Ẹ jẹ́ kí orúkọ màmá ṣíwájú, kí ìyàwó yín mú èkejì, kí ẹ sì fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe máa kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, torí ọmọ tó jẹ́ Rukayat níbí tó tún jẹ́ Ruqoyyah lọ́hùn-ún máa ń rí wàhálà nígbà ìdánwò.