Èsì: Tẹ́tẹ́ ẹṣin tó ti ń sáré lọ́wọ́

Àbúrò, o ní ṣé ó dáa kéèyàn máa ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin òyìnbó lẹ́yìn tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ibi tó dáa o, wàá ti rí i bí ẹṣin ṣe jáde, èyí tí kò wù ú sá lónìí wàá yẹra fún un. Àmọ́ àwòrán tó ò ń wò yẹn ti fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa l'Ádó níbí tún wá ń ṣe ségesège, eré kúkúrú ò sì ju bí ìṣẹ́jú kan lọ, kó o tó tẹ fóònù àwọn tó dúró sí pápá gan-an ti rí èyí tó ti ń rẹ̀, àwọn ni wọ́n á kó owó ẹ lọ. Má sì jẹ́ kí odds 1.01, ìyẹn iye tí wọ́n ń fún ẹṣin tó dà bíi pé ó ti wọlé tán, tàn ẹ́ jẹ, ₦1,000 tó o fi sí i, ₦10 péré lèrè ẹ̀! Ní 1956, nínú Grand National, eré ẹṣin ńlá tí wọ́n ń sá ní Aintree nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Devon Loch ti fo gbogbo ìdènà tán, ó ń wọlé lọ geerege, àfi gbì, ó ṣubú sórí ilẹ̀ gbalasa. Tó bá ṣì ń wù ẹ́, eré tó gùn ni kó o mú, kó o kọ́kọ́ máa wò ó láìfowó sí i ná.